Níbo Ni Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ń Gbà Lọ? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣàkóso Omi Ẹ̀gbin Ìlú

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí a bọ̀wọ̀ fún,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ni òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, olùṣàyẹ̀wò omi, àti àwọn tó ń ṣọ́ odò ní ìsàlẹ̀ ibi tí páìpù ìlú ti ń tú omi jáde. Ọ̀rọ̀ wa kò mọ sí ìlú kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ yòówù tí ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀, torí pé ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọsẹ̀.

Ní ìpàdé yín, ìwé kan ni wọ́n máa ń gbé síwájú yín. Wọ́n á ní BOD omi tó jáde lóṣù yìí, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ máa gbà, jẹ́ mílígíráàmù 18 nínú lítà kan, ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 22, òfin sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó bu ọwọ́ lù ú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò á wá fẹjọ́ sùn pé omi ti dúdú, pé ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, pé ẹja ń léfòó. Ó ṣeé ṣe kí ìwé náà jẹ́ òótọ́, kí ẹjọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò náà sì jẹ́ òótọ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, ni wọ́n bu omi tí wọ́n gbé lọ yẹ̀ wò. Òru ni ohun tó pa odò jáde, nínú òjò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè BOD, ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ máa bi àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́: tọ́ọ̀nù gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí kíki tí ilé iṣẹ́ yà kúrò lára omi ẹ̀gbin, mélòó ló gba ẹnu géètì jáde lóṣù yìí?

Ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin kì í pa gbogbo ìdọ̀tí rẹ́. Ó máa ń yà á kúrò lára omi ni. Omi á kọ́kọ́ gba asẹ́ irin kọjá, níbi tí àkísà, ike àti bébà ìnuwọ́ tí kì í rà ti ń há. Á wá dé ibi tí yanrìn ti ń rì, níbi tí a ti ń dẹ eré rẹ̀ sí bíi 0.3 mítà lójú ìṣẹ́jú àáyá kan, kí yanrìn lè silẹ̀ kí ìdọ̀tí tó fúyẹ́ sì máa bá tirẹ̀ lọ. A kò ní pẹ́ lórí ibi méjèèjì yìí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé yanrìn tí wọn kò bá kó níbẹ̀ á lọ jẹ irin inú pọ́ǹpù, á sì gba àyè omi nínú àwọn táńkì tó wà níwájú.

Táńkì ìtòrò àkọ́kọ́ ló kàn. Omi á dúró níbẹ̀ fún bíi wákàtí 2, ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ á silẹ̀, BOD náà á fi ìdá 25 sí 40 dín kù. BOD yìí ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí bakitéríà máa lò láàárín ọjọ́ 5 láti jẹ ìdọ̀tí tó wà nínú omi náà. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni omi náà ṣe máa gba ọ́síjìn lẹ́nu ẹja tó. Omi tó kù á wọ táńkì afẹ́fẹ́, níbi tí bakitéríà ti ń jẹ ìdọ̀tí tó ti yòrò. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn di ìṣùpọ̀ kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀. Nínú táńkì ìtòrò kejì ni ìṣùpọ̀ yìí ti ń silẹ̀, tí omi tó ti tòrò á sì gba orí ògiri táńkì ṣàn lọ sódò.

Ọ̀nà tí Edward Ardern àti William Lockett ṣàlàyé ní Manchester lọ́dún 1914 nìyí, òun ni ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń lò. Ohun méjì ló so ó ró. Ẹ gbọ́dọ̀ dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣùpọ̀ náà padà sínú táńkì afẹ́fẹ́ kó lè máa jẹun lọ. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa yọ èyí tó lé jáde lójoojúmọ́. Dídá a padà kì í pẹ́ kó tó di àṣà fún òṣìṣẹ́, torí pé bí kò bá ṣe é, ọ̀ràn á hàn sójú kí ọjọ́ náà tó ṣú. Yíyọ ọ́ jáde ni wọ́n ń fi falẹ̀, torí pé ìyà rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀. Ká ní omi ẹ̀gbin tó ń wọlé jẹ́ lítà 100 lójú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 8,640 kúbíìkì mítà lójúmọ́. Ká ní ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 250 nínú lítà kan, kí BOD rẹ̀ náà jẹ́ 250, bí omi tó ti inú ilé àwọn èèyàn wá ṣe sábà máa ń rí. Bí táńkì ìtòrò àkọ́kọ́ bá mú ìdá 60 nínú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ náà, bíi 1,300 kìlógíráàmù gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn lójúmọ́, bí a bá wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ. BOD tó máa wọ táńkì afẹ́fẹ́ á tó 175. Bí ó bá jáde ní 20, bakitéríà ti jẹ 155, tó jẹ́ bíi 1,340 kìlógíráàmù lójúmọ́. Kìlógíráàmù kan tí wọ́n bá jẹ máa ń di nǹkan bíi ààbọ̀ kìlógíráàmù bakitéríà tuntun, nítorí náà 670 kìlógíráàmù á tún kún un. Ẹ yọ bíi 170 tí òfin gbà kó bá omi tó tòrò lọ sódò. Èyí tó kù jẹ́ 1,800 kìlógíráàmù lójúmọ́, ní gbígbẹ o.

Kò sì sẹ́ni tó ń kó o ní gbígbẹ. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìfúnmi bá ti fún un dáadáa, ìdá 20 péré ló máa jẹ́ ohun gbígbẹ, omi ni ìdá 80 yòókù. Ìyẹn sọ 1,800 kìlógíráàmù di tọ́ọ̀nù 9 lójúmọ́, tọ́ọ̀nù 270 lóṣù. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé tọ́ọ̀nù 10 á jáde ní ìgbà 27. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ní táńkì ìjẹrà tó gbóná tó 35°C, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ń lo bíi ọjọ́ 20 nínú rẹ̀, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta á di gáàsì, ìrìn ọkọ̀ á dín sí 18 tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wàyí o, bí ìwé ẹnu géètì bá fi hàn pé ọkọ̀ 4 péré ló jáde lóṣù náà, ibo ni ìyókù wà? Ó wà nínú táńkì, tàbí kó ti wà nínú odò. Táńkì sì ní ibi tó máa ń kún dé.

Kì í sábà jẹ́ ìwà ìkà ló ń fà á. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìfúnmi já, òmíràn kò sí nílé, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì dá fún ẹni tó máa tà á. Kẹ́míkà tó ń mú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dì kí omi lè kúrò lára rẹ̀ tán, ìwé tí wọ́n fi béèrè òmíràn ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Ojú òrùn tí wọ́n ń sá a sí kún fún omi òjò. Ọkọ̀ kò ní epo. Ibi tí wọ́n ń dà á sí ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ kò ní ibi tó máa dà á sí, ó bá ti fáàfù ìyọdànù. Ohunkóhun kò yí padà lójú. Omi ṣì ń tòrò. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń mọ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, torí pé bakitéríà pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Èyí ló ń tan ọ̀gá ilé iṣẹ́ jẹ.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í yíwọ́. Ìṣùpọ̀ inú táńkì afẹ́fẹ́ tó yẹ kó jẹ́ bíi mílígíráàmù 3,000 nínú lítà kan á di 6,000. Ẹnu tó ń mí ti di ìlọ́po méjì, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò sì pọ̀ sí i. Ọ́síjìn inú táńkì tó yẹ kó wà ní mílígíráàmù 2 nínú lítà kan á já wálẹ̀ sí 0.5. Ní ibi tí ọ́síjìn bá ti kéré báyìí, bakitéríà tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í borí àwọn yòókù, torí pé àwọn lè gba ìwọ̀nba tó wà. Wọ́n á na ara wọn láti inú ìṣùpọ̀ kan sí òmíràn, ìṣùpọ̀ á wú, kò sì ní fẹ́ silẹ̀ mọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ táńkì ìtòrò kejì á máa ga sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi kù díẹ̀ kó dé ẹnu ògiri.

Òjò á wá rọ̀. Gọ́tà òrùlé àti ti ojú pópó tí kò yẹ kó wọnú páìpù omi ẹ̀gbin á wọ̀ ọ́. Omi tó ń wọlé á di lítà 150 lójú ìṣẹ́jú àáyá láti 100, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọjá ògiri. Ká ní ìdọ̀tí inú omi tó ń jáde di 1,500 mílígíráàmù nínú lítà fún wákàtí 2 péré. Bíi 1,620 kìlógíráàmù ló lọ sódò yẹn. Lọ́jọ́ tó dára, 170 ló ń lọ. Wákàtí méjì òru kan kó ìdọ̀tí ọjọ́ 9 lọ sódò, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti tòrò padà, àyẹ̀wò sì ní 22. Èyí tó burú jù ni pé ìṣòro gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kún táńkì ti tán nìyẹn. Odò ti gbà á. Bí ilé iṣẹ́ kan kò bá kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó, tí táńkì rẹ̀ kò sì kún rí, ẹ má gbóríyìn fún un.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi mọ̀ kí òjò tó dé kò wọ́n. Kí òṣìṣẹ́ bu omi inú táńkì afẹ́fẹ́ sínú gíláàsì lítà kan tí wọ́n sàmì mílílítà sí lára, kó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 láìmì í. Bí ìṣùpọ̀ bá silẹ̀ dé ojú àmì 300, tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú táńkì sì jẹ́ gíráàmù 3 nínú lítà, ẹ pín 300 sí 3, ẹ ó rí 100. Ìyẹn dára. Bí ó bá dúró sí 600, 200 lẹ ó rí, ó ti wú nìyẹn. Bó bá ti ń kọjá 150 ló yẹ kí wọ́n ti máa wá ìdí rẹ̀. Kí wọ́n sì fi páìpù ike tó ṣeé wò kọjá, tó ní fáàfù nídìí, wọn gíga gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú táńkì ìtòrò kejì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò yẹ kó máa kọjá mítà 1. Bí òjò bá ń bọ̀ tí ó sì ga, ẹni tó mọ iṣẹ́ á ṣí ẹnu ọ̀nà kejì tó wà ní apá ìparí táńkì afẹ́fẹ́, kí omi ẹ̀gbin gba ibẹ̀ wọlé, kí èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣùpọ̀ sì sá pamọ́ sí apá ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ táńkì ni wọ́n kọ́ pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà yìí tí kò sẹ́ni tó ń ṣí i, títí irin rẹ̀ fi dípẹtà.

A kò sọ pé kí wọ́n máa yọ ọ́ dànù láìwọ̀n o. Yíyọ àyọjù náà ní ewu tirẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ amóníà, ohun olóòórùn tó ń ti inú ìtọ̀ wá, kì í tètè bí sí i. Ó lè tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyọ kan tó di méjì, nígbà tí àwọn tó ń jẹ ìdọ̀tí yòókù ń ṣe é láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ẹ bá ń yọ wọ́n ju bí wọ́n ṣe ń bí lọ, wọ́n á tán, amóníà á sì máa lọ sódò bó ṣe wọlé. Ẹ pín gbogbo ìṣùpọ̀ tó wà nínú táńkì sí iye tó ń jáde lójúmọ́: bí táńkì bá jẹ́ 3,000 kúbíìkì mítà, tí kìlógíráàmù 3 sì wà nínú kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan, 9,000 ni. Ẹ pín in sí 670, ọjọ́ 13 ni ọjọ́ orí rẹ̀. Níbi tí omi kò ti tutù jù, ìyẹn tó fún àwọn tó ń jẹ amóníà. Bí ó bá já sí ọjọ́ 4, ẹ bẹ̀rù. Wọ́n sì tún nílò ohun méjì mìíràn: mílígíráàmù kan náítírójìn inú amóníà ń gba 4.57 mílígíráàmù ọ́síjìn, ó sì ń jẹ 7.14 nínú agbára tí omi ní láti dènà kíkan. Bí agbára yẹn bá tán, pH, òǹkà tó ń fi hàn bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), á já wálẹ̀, wọ́n á dáwọ́ iṣẹ́ dúró bí ọ́síjìn tilẹ̀ pọ̀. Ẹfun tí wọ́n ń pè ní láìmù, tí a fi omi pò, ló máa ń gbà á là.

Nígbà tí a ti sọ̀rọ̀ amóníà, ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: omi tí ẹ̀rọ ìfúnmi bá fún jáde lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti inú táńkì ìjẹrà wá máa ń ní amóníà tó tó 500 sí 1,000 mílígíráàmù nínú lítà kan, orí omi tó ń wọlé ni wọ́n sì ń dà á padà sí. Níbi tí ẹ̀rọ náà bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé nìkan, amóníà á ga lódò lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á sí táńkì kan, kí wọ́n máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru nígbà tí omi ẹ̀gbin ìlú kéré.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sódò fúnra rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ìwé ìṣirò gbogbo yìí ń parí sí.

Odò ń fi ọ́síjìn inú rẹ̀ wẹ ara rẹ̀ mọ́. Omi tó wà ní 20°C lè gba ọ́síjìn tó bíi 9.1 mílígíráàmù nínú lítà kan. Tí ó bá gbóná dé 30°C, 7.6 ni. Ọ̀pọ̀ ẹja ń fẹ́ 5 ó kéré tán. Bí ó bá já sí 2, díẹ̀ ló kù tó máa yè. Ibi tí ọ́síjìn ti máa ń kéré jù kì í ṣe ẹnu páìpù. Bakitéríà nílò àkókò láti jẹun, odò sì ń ṣàn ní gbogbo àkókò náà, nítorí náà ìsàlẹ̀ odò ló ti máa ń rí bẹ́ẹ̀, ó lè tó ìrìn kìlómítà bíi mélòó kan, kó tó tún máa gòkè padà. Àwọn olùwádìí méjì, Streeter àti Phelps, ti fi ìṣirò hàn án lórí odò Ohio ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1925. Bí wọ́n bá bu omi ní mítà 50 sí ẹnu páìpù nìkan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ọ́síjìn 7, kí wọ́n máa yọ̀, kí ẹja sì máa kú níwájú.

Wákàtí tí wọ́n bù ú náà ṣe pàtàkì. Fọsífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn tó jáde láti ilé iṣẹ́ ń bọ́ àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Lọ́sàn-án wọ́n ń tú ọ́síjìn jáde, lóru wọ́n ń gbà á sínú. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni ọ́síjìn ń kéré jù. Lọ́sàn-án gangan ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń gbé pH omi sókè, ibẹ̀ ni amóníà ti ń di májèlé. Ní 25°C, bí pH bá jẹ́ 7, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún amóníà tó wà ní irú èyí tó ń pa ẹja. Ní pH 8 ó ti lé ní ìdá 5. Ní pH 9 ó tó ìdá 36. Amóníà kan náà ni o, odò kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi lè kú lọ́sàn-án nígbà tí ọ́síjìn pọ̀ yamùrá.

Bí odò ṣe pọ̀ tó náà ń pinnu. Lọ́dún 1912, ìgbìmọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wádìí omi ẹ̀gbin dábàá BOD 20 àti ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ 30, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ òfin ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ látìgbà náà. Ohun tí àwọn èèyàn gbàgbé ni àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀: odò tó mọ́, tí BOD rẹ̀ kò ju 2 lọ, gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po 8 pọ̀ ju omi tó jáde lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìlọ́po 8 ti 2 jẹ́ 16, ẹ fi 20 kún un, ẹ pín in sí 9, ẹ ó rí 4. Odò lè fara da 4. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí odò bá fà dé lítà 200 lójú ìṣẹ́jú àáyá, tí omi yín sì jẹ́ 100, ìlọ́po 2 péré ló kù. Bí omi yín bá jáde ní 20 tí òfin gbà, odò á di 8. Kí odò tó lè wà ní 4, omi yín gbọ́dọ̀ jáde ní 8, iṣẹ́ tó sábà máa ń gba asẹ́ yanrìn lẹ́yìn táńkì ìtòrò kejì. Lójú tiwa, ìwọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò láti January dé December kò bá odò mu. Ẹ ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ní ìwọ̀n àkókò òjò.

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ààbọ̀ iná mànàmáná ilé iṣẹ́ náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ pa láti dín owó kù. Bí ó bá kú, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ́síjìn inú táńkì á ti tán. Bakitéríà kò ní kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á rì sísàlẹ̀. Bí pọ́ǹpù ìdápadà bá kú pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ táńkì ìtòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í yí náítíréètì, ohun tí amóníà ń dà lẹ́yìn tí bakitéríà bá ti jẹ ẹ́, padà di gáàsì náítírójìn, gáàsì náà á sì máa gbé ìṣùpọ̀ léfòó ní ègé ègé bí àkàrà. Ẹ rí i dájú pé jẹnẹrétọ̀ lè gbé ó kéré tán ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan, pọ́ǹpù ìdápadà kan àti pọ́ǹpù omi tó ń wọlé, kí wọ́n sì máa tàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Tí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ wo ojú omi táńkì afẹ́fẹ́: ìhó kéékèèké tó tẹ́ káàkiri ló dára. Bí omi bá ń hó gùdùgùdù lójú kan, rọ́bà kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ti ya nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ sá lọ.

Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ fọwọ́ sí owó kílórínì púpọ̀ sí i kí òórùn lè lọ. Ìyẹn ni kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kílórínì kì í wọ àárín ìṣùpọ̀. Kòkòrò àrùn tó sá sínú rẹ̀ á yè, á dé odò. Èyí tó kù lára kílórínì náà ń pa ẹja: ìwọ̀n tí EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún odò ni 0.019 mílígíráàmù nínú lítà fún wákàtí kan, àti 0.011 fún ọjọ́ 4. Bí ẹ bá máa lò ó, kí omi kọ́kọ́ tòrò, kó lo bíi ìṣẹ́jú 30 nínú táńkì kílórínì, kí wọ́n sì fi bísúlífáítì pa èyí tó ṣẹ́ kù kó tó bọ́ sódò, bíi mílígíráàmù 1.5 bísúlífáítì fún mílígíráàmù kan kílórínì.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín rèé. Ẹ ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń bu omi díẹ̀ díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 24, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ sí 4°C, kí òru àti òjò náà lè wà nínú àbájáde. BOD ń gba ọjọ́ 5, ẹ má fi dúró de ìpinnu. COD, tó ń fi kẹ́míkà wọn ọ́síjìn tí ìdọ̀tí máa gbà, ń gba bíi wákàtí 2 sí 3, mítà ọ́síjìn kò gba ju ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n wọn ọ́síjìn odò ní òkè páìpù àti ní ibi mẹ́ta ó kéré tán ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ìdájí. Kí wọ́n yí òkúta odò padà lẹ́ẹ̀kan lóṣù: bí ọmọ kòkòrò onírù mẹ́ta tó ń sá kiri bá wà lábẹ́ òkúta lókè páìpù, tó sì jẹ́ pé ekòló pupa tínínrín àti nǹkan eléérú bí òwú nìkan ló wà nísàlẹ̀, kò sí ìwé tó lè sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Òkúta náà ti rí gbogbo oṣù tó kọjá.

Kí owó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dá dúró nínú ìṣúná, kí ẹnikẹ́ni má lè kó o lọ tún ojú ọ̀nà ṣe. Kí bẹ́líìtì kan àti kẹ́míkà oṣù 2 máa wà nílé nígbà gbogbo. Kí òṣìṣẹ́ tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ré kọjá ògiri lóru má pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí òtítọ́, torí níbi tí wọ́n bá ti ń lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò, ìwé á mọ́ títí odò á fi kú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Kí wọ́n gbé ìwé ẹnu géètì àti ìwé mítà omi tó wọlé wá sí ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí wọ́n ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè yìí níwájú yín pẹ̀lú iye tiwọn, kí ẹ sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí ará ìlú ti lè kà á.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi náà àti àwọn tó ń ṣọ́ odò